Inú Ọkọ̀ Ni Mo Ti Ń Jẹ Bọ́gà

Ọmọ mi obìnrin ló tú àṣírí mi. Ó ń wá bàtà rẹ̀ kan tó yọ́ bọ́ sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga iwájú, ó fa báàgì ìwé kan jáde, ó fa òmíràn jáde, ó tún fa ẹ̀kẹta. Òróró ti mu ìsàlẹ̀ wọn débi tí ìwé náà ń dán. Ọ̀dùnkún díndín mẹ́ta tó ti gan bí igi ṣì wà nínú ọ̀kan. Ó kó wọn lé orí itan, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ta ló jẹ gbogbo eléyìí?" Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Mi ò lè parọ́ fún un, mi ò sì lè sọ òótọ́. Mo ní kó dá wọn padà síbẹ̀, ká máa lọ.

Ìbéèrè yẹn dùn mí wọra, nítorí gbogbo ilé ló mọ̀ pé mo ti búra pé mi ò ní fẹnu kan oúnjẹ kíákíá mọ́, àwọn oúnjẹ tí wọ́n ń gbé fúnni nínú páálí kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ewébẹ̀, èso àti ẹyin sísè ni wọ́n ń rí níwájú mi lálaalẹ́. Wọn ò mọ̀ pé kí n tó wọlé, mo ti páàkì ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ti pa iná inú rẹ̀, mo sì ti jẹun yó nínú òkùnkùn láàárín ìṣẹ́jú méje.

Kílò 94 ni mí nígbà yẹn, mo sì ga ní mítà 1.65. Tí ẹ bá sọ mítà yẹn di ìlọ́po ara rẹ̀, tí ẹ wá fi pín kílò náà bí àwọn dókítà ṣe ń ṣe é, 34.5 lẹ máa rí. Láti 25 lọ sókè ni wọ́n ti ń sọ pé èèyàn ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá ti dé 30, ọ̀rọ̀ ti di ti àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, orúnkún mi ń ro mí tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Lónìí, kílò 78 ni mí. Oṣù mẹ́rìnlá ló gbà mí. Mi ò sì fi bọ́gà sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó máa pa iná ọkọ̀ wọn lálẹ́ òní.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fòfin de ara mi ṣáájú ìgbà yẹn, bákan náà ló sì máa ń parí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo máa ń le bí irin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òórùn adìyẹ díndín á máa bá mi dé ibi tí kò sí adìyẹ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ kan á wà tí nǹkan á dojú rú níbi iṣẹ́, ebi á ti máa pa mí láti àárọ̀, ẹsẹ̀ mi á sì gbé mi débẹ̀. Bọ́gà kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ lọ́kàn pé mo fẹ́ rà. Àmọ́ gbàrà tí mo bá ti gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ohun kan á sọ nínú mi pé, "Ó ti bàjẹ́ náà. Jẹ ẹ́ tẹ́rùn lónìí, ó di ọ̀la ká tó bẹ̀rẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo máa padà lọ ra ọ̀dùnkún tó tóbi jù, adìyẹ, àti áísìkiriìmù, bíi pé wọ́n máa ti ilé oúnjẹ náà pa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀la yẹn á di ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin á di oṣù méjì. Kílò tí mo sọ nù á padà wá, á sì mú ẹnì kejì dání.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé "ó ti bàjẹ́ náà" yẹn ló ń sanra sí mi lára, ó sì ju bọ́gà lọ. Bọ́gà kan ní ibi tó ń parí sí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní.

Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ ni obìnrin àgbà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa oúnjẹ ní ilé ìwòsàn tí mo ń lọ. Mo ti múra pé wọ́n máa bá mi wí. Wọ́n ní, "Ẹ má tíì dá ohunkóhun dúró. Ẹ máa jẹ bí ẹ ṣe ń jẹ, àmọ́ ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, títí kan èyí tí ẹ ń jẹ nínú ọkọ̀." Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún wọn o. Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n na páálí ìnujú sí mi, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bíi pé wọn ò rí i, mo ṣì ń dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ wọn títí dòní.

Mo ra ìwé kékeré kan tó wọ àpò, mo sì ń kọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ohun tí mo kọ nìyí: bọ́gà ẹlẹ́ran méjì tó ní wàràkàṣì, 450. Ọ̀dùnkún díndín ńlá, 480. Mínírà ńlá, 290. Mayonéèsì, àpò kékeré méjì, 200. Kálórì ni àwọn nọ́ńbà yẹn, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ilé oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ wọ́n jáde, mo kàn ń wò ó lórí fóònù ni. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,420. Mo tún un ṣírò, mo rò pé mo ti ṣì í kà. Bọ́gà tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí wá, tí mo sọ di ọ̀tá, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ náà. Àwọn tó yí i ká ló kó ìyókù.

Wíwá nọ́ńbà yìí kò le mọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin ti mú un ní dandan kí ilé oúnjẹ tó bá ní ẹ̀ka 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ kálórì sára pátákó oúnjẹ wọn. Ní England, láti oṣù kẹrin ọdún 2022, ó kan àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn bá tó 250. Nítorí náà, àwọn ilé oúnjẹ ńlá ti ní ìṣirò náà nílẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò nílé. Tí ebi bá ti pa èèyàn dé iwájú káńtà, kò sí nọ́ńbà tó máa wọ̀ ọ́ létí.

Mínírà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, èmi àti ọmọ mi gbé ife gíláàsì, ṣúgà àti ṣíbí tíì sórí tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo mínírà mi, èyí tó gba mílílítà 330, pé ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35. Ṣíbí tíì kan tí kò ga ju ẹnu lọ ń gba nǹkan bíi gíráàmù 4. Ọmọ mi ń bù, ó ń kà sókè. Ó dé mẹ́rin, ó dúró, ó ní, "Ṣé kò tíì tó ni?" Mo ní kó máa bù ú lọ. Nígbà tó máa fi di mẹ́sàn-án ó dín díẹ̀, ṣúgà ti bo ìsàlẹ̀ ife náà, ó nípọn tó ìbú ìka kan. Ó gbé ife náà sókè síbi iná, ó ń yí i. Agolo méjì ni mo ń mu lójúmọ́, ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, mẹ́ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ wa. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, gíráàmù 50 nìyẹn. Wọ́n ní tó bá lè wá sí ìdajì ìyẹn, ó tún dáa jù. Agolo mi méjì ti jẹ́ 70.

Omi ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le, orí ń fọ́ mi, lẹ́yìn náà ó kúrò lọ́kàn mi. Nígbà mìíràn mo ń mu èyí tí kò ní ṣúgà, mi ò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wo ìṣirò yìí: wọ́n máa ń fojú bù ú pé kílò ọ̀rá kan tó kálórì 7,700. Tí ẹ bá pín kílò 16 tí mo sọ nù sí oṣù mẹ́rìnlá, nǹkan bíi 290 ni mo ń dín kù lójúmọ́. Agolo mínírà méjì jẹ́ 280. Mi ò sọ pé mínírà nìkan ló ṣe é, torí ara kì í tẹ̀ lé ìṣirò lójú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, àmọ́ ẹ rí ibi tí ẹrù náà wà.

Lẹ́yìn mínírà, ọ̀rá. Gíráàmù ọ̀rá kan ń mú kálórì 9 wá, nígbà tí ti ṣúgà, ti sítáàṣì àti ti purotéènì jẹ́ 4 péré. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí ìjẹun mayonéèsì kan ṣoṣo fi ń sún mọ́ 100, tí ọ̀dùnkún tí kì bá ti pa ẹnikẹ́ni lára tí wọ́n bá sè é fi ń di òkè nígbà tó bá ti inú òróró jáde. Ti adìyẹ náà, awọ rẹ̀ àti ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bò ó ló ń fa òróró mu; mo ń bọ́ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, mo ń jẹ ìdajì, torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo ń rà báyìí ni bọ́gà kan náà, 450, ọ̀dùnkún kékeré, 230, àti omi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 680, kò tó ìdajì ti àtijọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí mo bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan, mo máa padà sínú ọkọ̀ ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo béèrè ọ̀dùnkún kékeré, ọmọbìnrin tó ń tà á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n sọ ọ́ di ńlá? Owó tó máa lé e ò tó nǹkan." Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Mo ní rárá, ohùn mi sì gbọ̀n bí ẹni tó ń jẹ́jọ́. Èèyàn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn mi, ó dà bíi pé gbogbo wọn ló ń wò mí. Mo rọra gba oúnjẹ mi, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí gbogbo ayé ti lè rí mi. Mo jẹ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo kíyè sí i pé nígbà tó kù díẹ̀ kí n jẹ ẹ́ tán, mo ti yó. Nínú ọkọ̀, mi ò ní ìgbà kankan tí mo mọ̀ pé mo yó; oúnjẹ ló máa ń tán.

Látìgbà náà, òfin kan ṣoṣo ni mo fún ara mi tí mi ò tíì rú: mi ò ní jẹun nínú ọkọ̀, mi ò sì ní jẹ ohun tí mi ò lè jẹ lójú ọmọ mi.

Ìgbà mélòó? Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Báyìí, ọjọ́ Ẹtì. Nígbà mìíràn Ìṣẹ́gun máa ń kún un, tí nǹkan bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì ń fi ebi jẹ ara mi níyà lọ́jọ́ kejì. Oúnjẹ ilé ni ìyókù: ẹran tí kò lọ́ràá púpọ̀, ẹ̀wà, ẹyin, ewébẹ̀ tó pọ̀, èso. Mi ò ń fi ọjọ́ Ẹtì san ẹ̀bùn fún ara mi pé mo hùwà dáadáa. Bí mo bá ti ọ̀sẹ̀ burúkú bọ̀, ọjọ́ Ẹtì á ṣì dé. Mímọ̀ pé ó ń bọ̀ ló jẹ́ kí ọjọ́ Ajé rọrùn.

Àwọn kan máa bi mí pé tó bá jẹ́ kálórì ni gbogbo ọ̀rọ̀, kí ló dé tí mi ò kàn ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, kí n ṣáà máa kà á. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2010, Mark Haub, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa oúnjẹ ní Kansas State University, fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá jẹ kéèkì kéékèèké tí wọ́n ń wé sínú láílọ́ọ̀nù àti ìpápánu bẹ́ẹ̀, tí kò jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi kálórì 1,800 lójúmọ́, ó sì sọ pọ́ùn 27 nù, ìyẹn kílò 12. Àmọ́ ó ń jẹ ewébẹ̀ díẹ̀, ó ń lo fítámì àti purotéènì mọ́ ọn, kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe bíi tòun. Ohun tó kọ́ mi ju ìyẹn lọ ni ìwádìí tí Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019. Wọ́n gba èèyàn 20 sílé ìwòsàn fún oṣù kan, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe àṣejù sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti oúnjẹ tí kò kúrò bó ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tó wà nínú ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn bára mu, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ti ilé iṣẹ́, nǹkan bíi kálórì 500 ni wọ́n ń jẹ lé e lójúmọ́, wọ́n sì ń yára jẹ ẹ́. Kílò 0.9 ni wọ́n fi sanra, 0.9 náà ni wọ́n sì sọ nù nígbà tí wọ́n ń jẹ ìkejì. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti ń yára jẹ ẹ́, ìṣẹ́jú méje mi ni mo rántí. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ irú oúnjẹ yìí lójoojúmọ́ á máa bá ẹnu ara rẹ̀ jà lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, mo lè jà á kí n sì borí.

Òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà. Ní àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì kejì tí mo jẹ ẹ́ níwọ̀n, mo gun orí rẹ̀, ó ti fi kílò 1.2 lé ti àná. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. "Ó ti bàjẹ́ náà" ti ń bọ̀ lẹ́nu mi. Mo wá gbé ìwé kékeré mi, mo ṣírò: kílò ọ̀rá 1.2 á ju kálórì 9,000 lọ. Mi ò jẹ 9,000. Èmi tí mo jẹ 680! Iyọ̀ ni. Oúnjẹ wọ̀nyí ní iyọ̀ gan-an, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ wa má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan. Tí iyọ̀ bá pọ̀ lára, ara á di omi mú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kílò yẹn ti lọ. Látìgbà náà, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ń gun òṣùwọ̀n. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà bíi tèmi gbọ́dọ̀ fi ojú sí ti iyọ̀ yìí ju kálórì lọ, torí kò sí bọ́gà tí wọ́n gé kékeré tí iyọ̀ ò sí nínú rẹ̀.

Ìrìn náà wà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Mo ń rìn ní ogójì ìṣẹ́jú, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà ṣe, ó kéré tán. Ó mú kí n máa sùn dáadáa. Àmọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tí mo ní nígbà yẹn, oúnjẹ 1,420 ti Ọjọ́bọ̀ yẹn máa gbà mí ní ìrìn tó lé ní wákàtí mẹ́rin. Ẹnu ni mo ti rí ojútùú, ẹsẹ̀ kàn tì í lẹ́yìn ni.

Ní oṣù kẹsàn-án tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n mi dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo fẹ́ yọ ọjọ́ Ẹtì kúrò. Obìnrin onímọ̀ yẹn ló dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ara tó ti fúyẹ́ kò nílò oúnjẹ tó ara tó wúwo ń jẹ. Ẹ dín ohun tí ẹ ń jẹ ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù kù díẹ̀, ẹ fi ọjọ́ Ẹtì yín sílẹ̀." Mo dín oúnjẹ alẹ́ kù, òróró tí mo fi ń se ọbẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí wọ̀n. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí ọ̀nà yìí ò bá lára mu. Tí wọ́n bá fẹnu kan ọ̀dùnkún kan, wọn ò lè dúró; jíjáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọdún mẹ́ta rèé, ara wọn yá. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó ń gba oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí tó ti ní àìsàn kíndìnrín, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó tẹ̀ lé ohunkóhun tí mo sọ níbí.

Kílò mẹ́jọ ló ṣì kù tí mo fẹ́ sọ nù. Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ débi tí dókítà ní kí n máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbé báàgì ìwé náà wọlé, mo gbé e sáàárín tábìlì lábẹ́ iná, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti mu òróró bó ṣe máa ń rí. Ọmọ mi tú u, ó to gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síta, ó ní, "Mọ́mì, èwo ni tiyín?" Mo fi hàn án.